Ẹ Jẹ́ Kí Pàṣán Sinmi, Àlàbí Mọ Ìṣirò

Ìyá Àlàbí, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ.

Mo ti rí lẹ́tà yín gbà. Fún ẹ̀yin òǹkàwé tó kù, ohun tí ìyá yìí kọ sí mi rèé. Orúkọ ọmọ nìkan ni mo yí padà. Wọ́n ń ta gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì ní ọjà Bódìjà, níbí n'Íbàdàn. Àlàbí ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó wà ní pírámárì kejì. Ní táàmù tó kọjá, máàkì 31 nínú 100 ló gbà nínú ìṣirò, bàbá rẹ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ náà karí. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, bàbá á jókòó ti ọmọ pẹ̀lú ìwé àti pàṣán, wọn kì í sì í gbà kó fi Yorùbá dáhùn. Tíṣà lẹ́sìnnì tún ń wá bá a nílé nírọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé ni pé inú máa ń run Àlàbí láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, mi ò ní ọpọlọ ìṣirò." Ìyá wá ń béèrè: ṣé kí àwọn yí iléèwé ọmọ padà ni, àbí kí àwọn gbé e lọ fún àdúrà? Ìṣirò kò yé àwọn náà nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé àwọn ni ọmọ ti mú un.

Ìyá Àlàbí, kò sóhun tó ṣe orí ọmọ yín. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ kàn kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé ni. Ẹ ní ohun tó ń dùn yín jù ni pé tó bá tẹ̀ lé yín lọ sọ́jà ní Sátidé, kì í ṣi ṣéńjì kà. Ẹ ní oníbàárà kan ra ẹ̀wà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà, ó na ẹgbẹ̀rún kan sí i, Àlàbí sì ń to ọgọ́rùn-ún náírà lé e lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: "Ẹgbẹ̀rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún." Ó dá ọ̀ọ́dúnrún padà, ó sì yíjú sí oníbàárà tó kàn. Ọmọ yìí kan náà lẹ ní ó sunkún nídìí 10 − 7 lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tó ṣe yẹn wò. Àyọkúrò ni. Kò yọ 700 kúrò lára 1,000 bí ìwé ṣe ń yọ ọ́. Orí 700 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ títí ó fi dé 1,000, ó sì mọ iye tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni, ọ̀nà tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń gbà dá owó padà lójoojúmọ́ ni. Kò sí tíṣà tó kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ yín ló ti wò ó kọ́. Tí ẹ bá wá ń sọ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti mú un, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ohun rere ló mú.

Àlàbí kọ́ ni irú èyí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tó ń tajà nígboro Recife, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Àwọn olùwádìí kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ náà nídìí ọjà bí oníbàárà, wọ́n ń bi wọ́n pé èló ni gbogbo rẹ̀, èló ni ṣéńjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé ìṣirò kan náà fún wọn bí iléèwé ṣe ń gbé e. Nídìí ọjà, nǹkan bí 98 nínú 100 ni àwọn ọmọ náà gbà. Nígbà tó di nọ́ńbà lásán, tí kò sí ọjà tàbí owó nínú rẹ̀, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 37. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta àgbọn ní 35 lẹ́yọ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́rin. Ó mọ̀ pé mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi 30 lé e, ó di 135, ó fi èyí tó ṣẹ́ kù sí i, ó ní 140. Ó gbà á. Nígbà tí wọ́n wá ní kó ṣe 35 × 4 lórí ìwé, 200 ló kọ. Ó ti gbìyànjú láti ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé: 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20, ó gbé 2 sókè, ó fi 2 yẹn kún 3 kó tó sọ ọ́ dipúpọ̀. Kò sì dà bíi pé ó rántí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àgbọn mẹ́rin ní 140 ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín lálaalẹ́ nìyẹn. Lọ́jà, Àlàbí mọ ohun tó ń kà, ó sì mọ ìdí tó fi ń kà á. Lórí tábìlì yín, àmì ló ń wò, kò rí ohun tí àmì náà dúró fún. Pàṣán wá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mélòó kan sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà: iye tó wà nílẹ̀, iye tó ti yọ, iye tó kù. Ìbẹ̀rù a máa gba ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ kó wà nínú ọkàn. Ọmọ tó ń ṣọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò lè ṣọ́ nọ́ńbà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí pàṣán kúrò nídìí ìṣirò pátápátá. Kì í ṣe pé kí ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ojú ọmọ á ti máa lọ síbẹ̀ o. Kó kúrò nínú yàrá yẹn.

Ìkejì, ẹ gbé ìṣirò padà síbi tó ti ń dùn mọ́ ọn. Ní Sátidé, ẹ jẹ́ kó bu ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Kí ó tó bù ú, ẹ bi í pé agolo mélòó ló rò pé ó máa kún kóńgò kan. Kó sọ tirẹ̀, kó wá wọ̀n ọ́n wò. Tí iye tó sọ bá jìnnà sí ohun tó rí, ẹ má pariwo, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn aládùúgbò ìsọ̀. Ẹ kàn ní kó tún sọ ti gàrí. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó máa wà lẹ́nu yín: "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ẹ máa bi í nígbà tó bá gbà á gan-an, kì í ṣe ìgbà tó bá kùnà nìkan, kó má baà rò pé ẹni tó bá ṣàṣìṣe ni wọ́n ń bi. Ẹ ó gbọ́ ohun tó máa yà yín lẹ́nu. Àmọ́ ẹ má sọ gbogbo oníbàárà di ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó, kí ọmọ tún ráàyè ṣeré láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá mú páálí kan, irú èyí tí ẹ ń ya lára àpótí ọjà. Nígbà tó bá dá ọ̀ọ́dúnrún padà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lójú rẹ̀: 1,000 − 700 = 300. Ẹ sọ fún un pé, "Ohun tí o ṣe tán yìí ni tíṣà máa ń kọ báyìí." Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí kò tíì sẹ́ni tó fi han ọmọ yìí pé ohun tó wà lórí ìwé àti ohun tó ń ṣe lọ́jà jẹ́ ọ̀kan náà. Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ ṣe é, ẹnu tẹ̀ lé e, ìwé gbẹ̀yìn. Nílé yín báyìí, ìwé ló ṣáájú.

Fún nọ́ńbà tó ju mẹ́wàá lọ, ẹ tú ìgbálẹ̀ kan. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ rẹ̀ kéékèèké, kí Àlàbí fi rọ́bà di wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ ní kó kó 32 wá: ìdì mẹ́ta àti ẹyọ méjì. Ẹ wá ní kó fún yín ní 15 nínú rẹ̀. Á fún yín ní ìdì kan. Ó ku ẹyọ márùn-ún, ẹyọ méjì péré ló sì wà nílẹ̀. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un, kódà tó bá pẹ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò wo ìdì tó kù, tí yóò tú ọ̀kan. Ẹyọ méjìlá ló wà nílẹ̀ báyìí. Á ka márùn-ún fún yín, ẹyọ méje á ṣẹ́ kù pẹ̀lú ìdì kan, ìyẹn 17. Níléèwé, wọ́n á ní kó "yá ọ̀kan" lára nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì máa yá a fún ọdún mélòó kan láìmọ ohun tí wọ́n ń yá. Ọmọ tó ti fọwọ́ tú ìdì mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá lè rí ọpọ́n ayò, ẹ gbé e wálé. Tí kò bá sí, ẹ gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ wá òkúta wẹ́wẹ́. Ojú méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Àlàbí ni kó máa to ọmọ ayò sínú rẹ̀. Ojú méjì, mẹ́jọ. Ojú mẹ́ta, méjìlá. Ojú mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Táìmù tébù tó wà lẹ́yìn ìwé rẹ̀ nìyẹn, tó ń gbé lọ́wọ́. Nígbà tí eré bá sì bẹ̀rẹ̀, kó tó ta, á ní láti mọ ojú tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Mi ò mọ eré mìíràn tó ń kọ́ ọmọdé láti ronú síwájú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti èdè, mo fẹ́ kí Bàbá Àlàbí gbọ́ èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fásitì tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tó fi mọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti pírámárì kẹrin lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ jẹ́ kí Àlàbí fi Yorùbá ronú, kó fi Yorùbá ṣàlàyé. Lẹ́yìn tó bá ti yé e tán ni kí ẹ wá sọ orúkọ tí tíṣà ń pè é.

Ẹ̀yin náà, ìyá, ẹ dákun, ẹ yé sọ ọ́ létí ọmọ pé ìṣirò kò yé yín rí. Ẹ ń dá àjọ, ẹ mọ ẹni tó ti dá àti ẹni tó kàn láti kó. Ẹ mọ iye tí àpò gàrí yóò mú wá kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà ńlá. Ẹ̀rù ìwé ló ń bà yín, ọmọ sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ.

Àdúrà dára, mi ò ní kí ẹ má gbà á. Ẹ kàn má ṣe gbé ọmọ síwájú ẹnikẹ́ni tí yóò sọ lójú rẹ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Á gbà á gbọ́, á sì pẹ́ kó tó kúrò lára rẹ̀. Inú rírun yẹn náà, tó bá ń wá nígbà ìsinmi tàbí lójijì lóru, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá jẹ́ àárọ̀ Ajé nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbẹ̀rù.

Ẹ má tíì yí iléèwé padà. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí tíṣà kíláàsì rẹ̀, kí ẹ jọ ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ṣé ìdáhùn ló ń kùnà ni, àbí nọ́ńbà tó dà kọ láti ara pátákó ni kì í rí bó ṣe yẹ? Tó bá jẹ́ ti pátákó, ẹ mú un lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Tíṣà lẹ́sìnnì ní tirẹ̀, tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, màá ní kó sinmi títí táàmù yìí á fi parí. Ọmọ ọdún méje tó ti jókòó sí kíláàsì láti àárọ̀ kò yẹ kó tún jókòó nírọ̀lẹ́.

Ó wá ku Bàbá Àlàbí. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn, ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ kì í fi oorun rẹ̀ du ìwé ọmọ. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì ka lẹ́tà yìí sí wọn létí lójú ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wá sí Bódìjà ní Sátidé kan. Kí wọ́n jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ lórí àga, kí wọ́n máa wo Àlàbí níbi tó ti ń dá owó padà fún oníbàárà. Ẹ má ṣàlàyé kankan. Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ wá kó páálí tí ẹ ti ń kọ ìṣirò rẹ̀ sí lé wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ṣì ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn náà kọ̀wé sí mi. Màá dá wọn lóhùn.