Èsì: Ta ló gbé ẹ̀sìn Híńdù dé Trinidad?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bí ẹ̀sìn Híńdù ṣe dé Trinidad, erékùṣù kan ní agbègbè Karibíánì, tó jìnnà sí Íńdíà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrèké ni. Nígbà tí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú àti oko ẹrú, àwọn olóko wá òṣìṣẹ́ lọ sí Íńdíà. Ọkọ̀ ojú omi Fatel Razack ló kó àwọn àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, 1845. Híńdù ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí náà sì wà níbẹ̀.

Ojú wọn rí màbo. Títí di 1946, òfin ò ka ìgbéyàwó tí àlùfáà Híńdù so sí. Èyí tó wù mí jù ni ìtàn Sewdass Sadhu, lébìrà oko ìrèké. Ó kọ́ tẹ́ḿpìlì sórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Waterloo. Wọ́n wó o ní 1952, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ló bá kọjú sí òkun, ṣebí òkun ò ní onílẹ̀! Kẹ̀kẹ́ ló fi ń ru òkúta àti sìmẹ́ǹtì lọ síbẹ̀, ọdún gorí ọdún. Tẹ́ḿpìlì ṣì wà lójú omi níbẹ̀ dòní.

Nínú ìkànìyàn 2011 ti orílẹ̀-èdè Trinidad àti Tobago, bí 18 nínú èèyàn 100 ló jẹ́ Híńdù. Àwọn olórìṣà tiwa náà wà ní erékùṣù yẹn. Ṣàngó làwọn ará ibẹ̀ máa ń pe ẹ̀sìn àwọn olórìṣà náà.