Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Naked, Àwo Ìkẹyìn Ẹgbẹ́ Talking Heads

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti fẹ́ràn àwọn olórin new wave (ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì kan) Amẹ́ríkà tí wọ́n ń jẹ́ Talking Heads, pàápàá nítorí Remain in Light, àwo wọn tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé orin Fẹlá hàn nínú rẹ̀. Àbúrò mi tí ó wà ní London ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtúnjáde Naked ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ẹgbẹ́ náà, ìpínrọ̀ kan péré ni wọ́n máa ń fi sọ̀rọ̀ àwo yìí, bí ẹni tí ó fẹ́ tètè kọjá lọ. Ṣé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa ni? Kí sì ni àtúnjáde yìí fi kún ti àtijọ́? — *Òǹkàwé kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Etí yín kò ní àrùn kankan. Àwo náà dára, ó sì dára ju ibi tí wọ́n gbé e sí lọ. Àkókò tí ó bọ́ sí ni kò ṣe é lóore.

Oṣù kẹta ọdún 1988 ni Naked jáde. Òun ni àwo kẹjọ tí ẹgbẹ́ náà gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, òun náà sì ni ìkẹyìn. Láti ọdún 1984 ni àwọn mẹ́rin inú ẹgbẹ́ náà, David Byrne tí ó ń kọrin, Tina Weymouth, Chris Frantz àti Jerry Harrison, kò ti rìnrìn-àjò orin pọ̀ mọ́, wọn kò sì gbé orin inú àwo yìí lọ síwájú èrò níbì kankan. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa: orin tí olórin kò bá kọ lóde, tí àwọn ènìyàn kò bá a jó, tí wọn kò sì fi owó lé e níwájú orí, kì í pẹ́ tí í fi kúrò lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé kò tà o. Ó dé ipò kẹta ní Britain, ó sì dé ipò kọkàndínlógún ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kéde ní ìparí ọdún 1991 pé ẹgbẹ́ ti tú, ńṣe ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo Naked bí a ṣe ń wo fọ́tò ìgbéyàwó tí ó ti dàrú: wọn kò wo ẹwà ìyàwó mọ́, ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá lójú rẹ̀. Ohun kejì ni pé àwo Graceland tí Paul Simon bá àwọn olórin South Africa ṣe ní 1986 ṣì ń dún níbi gbogbo nígbà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Talking Heads ń tọ̀, wọ́n gbàgbé pé láti 1980 ni àwọn wọ̀nyí ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé iyì àwo yìí wà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Remain in Light, inú àwo ni wọ́n ti kọ́ Fẹlá. Brian Eno tí ó bá wọn darí iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Afrodisiac, tí Fẹlá gbà sílẹ̀ ní London, ni àwòkọ́ṣe wọn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi í ṣe, n kò ní í bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ orin láti inú àwo dà bí ẹni tí ó kọ́ èdè láti inú ìwé: gbólóhùn rẹ̀ lè tọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń dá a lóhùn. Nínú Naked, ìdáhùn wà. Ní 1987, wọ́n kó ara wọn lọ sí Studio Davout ní Paris pẹ̀lú Steve Lillywhite tí ó bá wọn darí iṣẹ́ àwo yìí, ní àkókò tí ìlú náà kún fún àwọn olórin ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì pè wọ́n wọlé. Wally Badarou, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Benin, tẹ dùùrù. Yves N'Djock láti Cameroon ta gìtá. Abdou M'Boup láti Senegal lu ìlù. Mory Kanté láti Guinea ta kora, ohun èlò olókùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n jọ ń lù ú pọ̀ nínú yàrá kan náà, orin ṣáájú, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, nítorí ìgbà tí wọ́n padà sí New York ni Byrne tó fi ohùn àti ọ̀rọ̀ lé e.

Ẹ gbé "(Nothing But) Flowers" sí i, kí ẹ sì fi etí sí gìtá nìkan. Kò sí pé wọ́n ń ya gbogbo okùn pọ̀ gbàrà. Ẹyọ ẹyọ ni ìró ń já bọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí òjò ìparí ń kán láti etí páànù. Bí ọ̀kan bá ti sọ tirẹ̀ tán, òmíràn a ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn onígìtá Sunny Adé rí yóò mọ irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀. Johnny Marr, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ The Smiths, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì pariwo bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Lórí orin dídùn yìí ni Byrne wá fi ìtàn ọkùnrin kan sí, ẹni tí òdòdó àti koríko ti bo títì àti ṣọ́ọ̀bù ìlú rẹ̀, tí ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí ohun tí ó ti lọ.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. "The Facts of Life" gùn jù lójú tèmi, kò sì sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀.

Ní ti àtúnjáde, ní 2005 ni wọ́n kó gbogbo àwo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú àpótí funfun kan tí wọ́n pè ní Brick, kí wọ́n tó tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Jerry Harrison àti E. T. Thorngren ni wọ́n tún orin náà pò fún spíkà márùn-ún àti ẹyọ kan tí ó wà fún ohùn ìsàlẹ̀. Kàsẹ́ẹ̀tì ni èmi fi mọ Naked, èyí tí mo gbọ́ títí tí ohùn rẹ̀ fi ń wọ́. Nínú rẹ̀, fèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ "Blind" máa ń dà bí ẹni mẹ́rin tí ń kígbe nínú àpò kan. Nínú èyí tuntun, olúkúlùkù rí ibi dúró sí, mo sì gbọ́ àwọn ìlù kéékèèké tí n kò mọ̀ rárá pé wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n tún fi "Sax and Violins" kún un, orin tí ó jáde ní 1991 nínú fíìmù Wim Wenders kan. Bí ẹ kò bá ní spíkà púpọ̀, ẹ má dààmú, ohùn ti CD náà mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe pé àwọn òyìnbó yìí kàn jí orin wa lò? — *Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ti jí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò fi ẹni tí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́. Nínú àtúnjáde Remain in Light, wọ́n fi orin kan tí wọn kò parí sí i, "Fela's Riff" ni wọ́n sì pè é ní gbangba. Ní ti Naked, orúkọ àwọn tí wọ́n bá wọn lù ú ní Paris wà nínú ìwé tí ó bá àwo náà wá. Ẹ ṣí i, kí ẹ kà á bí orin bá ti ń lọ.