Lẹ́ńsì Helios àtijọ́ lórí Sony a6400: ṣé á ṣiṣẹ́, adapter wo sì ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sony a6400 ni mò ń lò, lẹ́ńsì kékeré tó bá a wá nìkan ni mo ní, owó lẹ́ńsì tuntun tí wọ́n fi ń ya pọ́tíréètì ò sì tíì sí lọ́wọ́. Bùròdá mi kan wá fún mi ní kámẹ́rà Zenit àtijọ́ tó ní Helios 44-2 lójú. Wọ́n ní mo lè fi adapter gbé lẹ́ńsì yẹn sórí Sony mi. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní ba kámẹ́rà mi jẹ́? Ṣé mo sì lè gbé e lọ ya òde ìgbéyàwó?

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ ni, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Bùròdá yẹn ṣe ẹ́ lóore gan-an. Lẹ́ńsì Rọ́ṣíà ni, 58mm f/2, ara Biotar tí Zeiss ṣe ní Jámánì ni wọ́n ti wò ó ṣe, àwọn èèyàn káàkiri ayé ṣì ń wá a títí di òní.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni àyè tó wà láàárín lẹ́ńsì àti sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà dípò fíìmù. Zenit ní jígí nínú tó máa ń gbéra sókè tí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì, wọ́n ní láti fi àyè sílẹ̀ fún jígí yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Helios fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí fíìmù tó 45.46mm kí fókọ́ọ̀sì tó lè gún. Sony tìẹ ò ní jígí, 18mm péré ni láti ẹnu rẹ̀ dé sẹ́ńsọ̀. 27mm àti díẹ̀ tó kù yẹn ni adapter máa dí, kò ju òrùka irin gígùn lọ, kò sí wáyà, kò sí gíláàsì nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta èyí tó ní gíláàsì fún ẹ, má dá a lóhùn, àwọn tó ń lo Nikon alájígí ló nílò ìyẹn torí pé àyè tiwọn tó 46.5mm, ó ti pọ̀ ju ti Helios lọ. Adapter kan tí wọ́n ń pè ní speed booster náà ní gíláàsì lóòótọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀, owó ẹ̀ sì pọ̀, fi í sílẹ̀ ná. M42-NEX ni kí o béèrè: M42 ni ẹnu Helios tí wọ́n ń wé, NEX ni ẹnu Sony tìẹ. Tó bá dé, wé e mọ́ lẹ́ńsì kó le, kí o wò ó bóyá ó ń mì, lẹ́yìn náà yí fókọ́ọ̀sì dé òpin apá ọ̀nà jíjìn (∞) kí o fi wo òpó tẹlifóònù tó jìnnà réré tàbí òṣùpá. Tí kò bá mọ́ lójú, adapter yẹn ti gùn jù, dá a padà.

Kí o tó náwó rárá ṣáá, tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì náà kọjá. Tí o bá rí nǹkan tó rí bí okùn aláǹtakùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ló máa ń fà á, pàápàá tó bá ti pẹ́ nínú àpò aláwọ. Díẹ̀ ò ní hàn nínú fọ́tò, àmọ́ tó bá ti bo gíláàsì, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Má tọ́jú ẹ̀ sínú àpò yẹn mọ́ o, inú ike tó ní ìdérí tó le pẹ̀lú silica gel ni kó máa gbé.

Tí o bá gbé e sórí kámẹ́rà báyìí, a6400 lè kọ̀ láti ya nǹkan kan torí kò rí lẹ́ńsì. Wọ inú mẹ́nù, wá Release w/o Lens, fi sí Enable, ó parí. Òrùka méjì ló wà lára 44-2 fún aperture, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé (f/2 ló fẹ̀ jù): èyí tó ń dún kẹ́kẹ́ ni wàá fi yan ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, èyí tí kì í dún ni wàá fi ṣí i tàbí pa á dé.

Ọwọ́ ẹ ni fókọ́ọ̀sì wà o, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Tan peaking, àwọ̀ tí kámẹ́rà fi ń kun ibi tí fókọ́ọ̀sì bá wà, fi í sí àwọ̀ pupa, àmọ́ má gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá ní f/2, torí ó lè kun gbogbo ojú èèyàn ní pupa nígbà tó jẹ́ pé etí ló mọ́ tí ẹyinjú ò mọ́. Fi Focus Magnifier, tó ń sọ àwòrán di ńlá lójú ẹ, sórí bọ́tìnnì kan, sún ẹyinjú mọ́ra, yí i díẹ̀díẹ̀, kí o wá tẹ̀ ẹ́. Sony ẹ ò ní stabilizer tó ń dín mímì kù nínú ara ẹ̀, torí náà lo M (ìwọ lo máa yan shutter fúnra ẹ), fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/250, kí o jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, máa bójú tó ara ẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ẹ kéré sí fíìmù, ó máa gé etí àwòrán kúrò, 58mm yẹn á wá rí bíi 87mm, ojú èèyàn á dùn ún wò gan-an, yàrá kékeré ló máa há fún ẹ. Ẹ̀yìn àwòrán tó máa ń yí po yẹn, tí gbogbo èèyàn torí ẹ̀ ń ra Helios, etí àwòrán ló ti máa ń lágbára jù, etí yẹn gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ẹ sì ń gé, torí náà tìẹ ò lè yí tó ti ẹni tó ní full frame, kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ tóbi tó fíìmù. Tí o bá fẹ́ kó hàn, sún mọ́ ẹni náà, jẹ́ kí ewé tí oòrùn ń yọ láàárín ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ dáadáa, kí o sì dúró sórí f/2. Má dojú kọ oòrùn, gíláàsì àtijọ́ ò fara da ìyẹn, fọ́tò á ṣá, ra hood 49mm, ìbòjú tí wọ́n ń fi sẹ́nu lẹ́ńsì kí oòrùn má bàa tàn wọ inú ẹ̀.

Ní ti òde ìgbéyàwó, má fi ya ìgbà tí ìyàwó ń wọlé, má fi ya ìgbà tí wọ́n ń náwó, kò sẹ́ni tó máa dúró kí o yí fókọ́ọ̀sì tán, owó oníṣẹ́ sì ni. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà ẹ wá ni kí o fi ya ìyẹn. Tí o bá ti pe ìyàwó àti ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbé Helios jáde nígbà yẹn, ní kí wọ́n jókòó kí ara wọn má mì, kí o sì ya ìdúró kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o máa tún fókọ́ọ̀sì ṣe ní gbogbo ìgbà.