Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo Ni Àdúgbò Wa Ṣe Lè Rí Owó Ìjọba Fi Ṣe Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Títì tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kò sì ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́; etí títì, lẹ́bàá kòtò àgbàrá, ni wọ́n ń gbà. A gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ń fúnni lówó fún irú iṣẹ́ báyìí. Ṣé ẹgbẹ́ wa lè kọ̀wé béèrè rẹ̀, kí sì ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ, sà. Owó náà wà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ni títì yẹn. Ẹni tó ni títì, tó sì máa tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ́ sétí rẹ̀, ni ìjọba àpapọ̀ ń gbé owó lé lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ìjọba ìlú Houston, ó lè jẹ́ káúńtì Harris, ó sì lè jẹ́ TxDOT, ìyẹn iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà ti ìpínlẹ̀ Texas. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó fi odindi ọdún kan kọ̀wé sí ìjọba ìlú wọn lórí títì tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, nítorí kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kàn nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí.

Orísun owó méjì ló bá ọ̀rọ̀ yín mu jù. Ti àkọ́kọ́ ni Safe Streets and Roads for All, ètò ìjọba àpapọ̀ fún ààbò ojú títì, tí òfin ohun amáyédẹrùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ya bílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ fún láàárín ọdún ìnáwó 2022 sí 2026. Ìlú, káúńtì, ìgbìmọ̀ ètò ìrìnnà ẹkùn àti irú àwọn aláṣẹ bẹ́ẹ̀ ló lè béèrè rẹ̀; ẹgbẹ́ onílé kò lè béèrè rẹ̀. Nínú ètò yìí ni ìlú Houston ti rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 28 dọ́là ní ọdún 2023 fún títì Bissonnet, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ ra gààrí àti ẹ̀jà gbígbẹ. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè rí i pé owó yìí kì í ṣe ti àdúgbò olówó nìkan.

Èkejì ni Transportation Alternatives, owó ìjọba àpapọ̀ fún irú iṣẹ́ bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Inú rẹ̀ ni ètò ìrìn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tó dá dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wà báyìí. Aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ lè béèrè rẹ̀, òfin 2021 sì ti gba àwọn ẹgbẹ́ aláìlérè láyè pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí ẹni tó ni títì kò bá fọwọ́ sí i, ìwé yín kò ní lọ jìnnà. Ní agbègbè Houston, H-GAC, ìgbìmọ̀ ètò ìrìnnà ẹkùn náà, ló ń yan iṣẹ́ tí apá kan owó yìí máa lọ sí.

Ní ti ìnáwó, ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń san ìdá 80 nínú 100, àwọn tó béèrè á sì wá ìdá 20 yòókù. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀ dọ́là, 300,000 dọ́là gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá. Wọn kì í sì í kó owó náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlú á kọ́kọ́ ná tiwọn, wọn á kó rìsíìtì jọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba owó wọn padà. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fi máa ń lọ́ra láti gba iṣẹ́ tuntun, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín.

Níbi kòtò àgbàrá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ilẹ̀ kò bá ṣẹ́ kù láàárín títì àti ọgbà àwọn onílé ju kòtò lọ, wọ́n ní láti ri páìpù sínú kòtò náà kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí, páìpù yìí sì lè gbówó lórí ju ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Níbi tí òjò Houston ti ń kún bó ṣe ń kún yìí, kò sí ẹnjiníà tó máa fojú fo ibi tí omi máa gbà. Ìwé kan tí èmi náà lọ́wọ́ sí já kulẹ̀ báyìí ní ìlú kékeré kan: a ti ṣírò kọnkéré, a kò ṣírò páìpù, bẹ́ẹ̀ ni a kò wádìí pé apá kan ilẹ̀ etí títì jẹ́ ti àwọn onílé. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn òbí tó gbẹ́kẹ̀ lé wa ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ọ̀nà ń bọ̀. Ẹ béèrè àwòrán ilẹ̀ títì yín lọ́wọ́ ìjọba kí ẹ tó dárúkọ iye owó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí ló kàn. TxDOT ní àkójọ ìjàǹbá ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní CRIS, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ti ọdún 5 jáde fún títì yín. Ẹ tún lọ dúró síbẹ̀ láago 7 òwúrọ̀, kí ẹ ka àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tí èmi àti àwọn ìyá mẹ́rin kan ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò mìíràn, ìyá àgbà kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé ìdí ọ̀pá iná tó wà láàárín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ sójú títì, ó yí ọ̀pá náà ká, ó sì tún gbé e gòkè. A fi téèpù wọn àyè tó kù: 26 ínṣì. Ìlànà tí Access Board, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i pé àwọn aláàbọ̀ ara rí ọ̀nà gbà, gbé jáde ní 2023 ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 48. Àwòrán téèpù yẹn la fi ṣáájú ìwé wa.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ pe 311, nọ́ńbà tí ará ìlú fi ń bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀, kí ẹ bi wọ́n nípa ẹni tó ni títì náà. Bó bá jẹ́ ti ìlú, ẹ gba àyè lọ́dọ̀ aṣojú yín ní ìgbìmọ̀ ìlú, kí ẹ mú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dání. Ẹ bi í bóyá títì yín wà nínú ètò ààbò tí ìlú ti kọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi í inú àpò wo ni ìdá 20 yẹn ti lè jáde. Bó bá ti dá yín lóhùn, ẹ tún kọ̀wé sí mi, kí a jọ wo èyí tó kàn.