Oṣù mẹ́rin ti lọ, ẹkún ò tíì tán lójú mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Oṣù mẹ́rin rèé tí màmá mi lọ, gbogbo èèyàn ní kí n máa dúpẹ́, wọ́n ní ìyá dàgbà kó tó kú, èmi náà wá ń rẹ́rìn-ín, "a dúpẹ́" ni mò ń dá gbogbo ayé lóhùn. Àfi Sátidé tó kọjá, mò ń gún iyán lọ́wọ́ ni mo ṣàdédé bú sẹ́kún, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ní ṣé mi ò nígbàgbọ́ mọ́ ni. Ṣé nǹkan ń ṣe mí ni? – Òǹkàwé yín, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ará fẹ́rakù o. Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́ jàre, àárò ìyá ẹ ló ń sọ ẹ́. Iyán ogún ọdún ṣì ń jóni lọ́wọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti oṣù mẹ́rin. Àwọn ìyá wa tó ń jó níbi òkú àgbà, ṣebí wọ́n á ti kọ́kọ́ sunkún, wọ́n á máa fi oríkì dárò, omijé á máa dà, kí ijó tó dé. Àwa ìsinsìnyí la mú ijó àti aṣọ ẹbí nìkan, a fi ẹkún sílẹ̀.

Lọ́dún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan má ronú kan béárì funfun fún ìṣẹ́jú 5, tó bá wá sí wọn lọ́kàn kí wọ́n lu aago. Aago ò sinmi. Nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa rò ó, ńṣe ni wọ́n ń rò ó ju àwọn tí wọn ò kọ́kọ́ kà á léèwọ̀ fún lọ. Ìwọ náà, ẹkún tó ò jẹ́ kó jáde lójú gbogbo ayé ló wá bá ẹ nídìí odó.

Nígbà tí bàbá mi kú, "mo wà dáadáa" lèmi náà ń sọ, mi ò sì rí oorun sùn, àfìgbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé missed call méjì tí bàbá pè mí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè yẹn ló ń dùn mí, inú ara mi ló ń bí mi. Sọ ojú abẹ níkòó fún ọkọ ẹ: ṣé àárò ni, ṣé ìbínú ni, àbí àbámọ̀. Tó bá tún mẹ́nu ba ìgbàgbọ́, kẹ́ ẹ jọ ka Jòhánù orí 11, Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún.

Tóò bá wá lè jẹun tàbí sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń ṣe ẹ́ bíi kó o tẹ̀lé màmá, tètè lọ rí dókítà, mo bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n tí ẹkún bá kàn tún dé nídìí odó, jókòó sórí àpótí, sun ún dáadáa, kí ọkọ ẹ gba ọmọ odó, kó bá ẹ gún èyí tó kù.