Níbo ni dídákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí òkú ti wá?
Àwọn kan máa ń béèrè pé ta ló kọ́kọ́ ní ká dìde dúró, ká dákẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Èyí táyé mọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, lóṣù karùn-ún ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń jà. Olórí ìlú náà, Harry Hands, tí ogun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ tiẹ̀ náà, ló pàṣẹ ẹ̀. Bí ìbọn tí wọ́n máa ń yìn lọ́sàn-án bá ti dún lórí òkè Signal Hill báyìí, ọkọ̀ á dúró sójú títì, àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà, gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é nígbà yẹn o!

Percy FitzPatrick, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló gbé àbá náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó ní kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì láago mọ́kànlá àárọ̀, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1919. Ìṣẹ́jú kan ló wọ́pọ̀ báyìí nípàdé àti ní pápá bọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa darí ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ olóògbé, kẹ́ ẹ sì wo aago.