“Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?”: ọ̀rọ̀ lórí gíráàfù inú IELTS

Àbúrò mi tó wà ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ka ohun tó o kọ. O ní 5.5 ni wọ́n fún ẹ nínú Writing, ìyẹn apá ìkọ̀wé nínú IELTS, ìdánwò èdè gẹ̀ẹ́sì, pé gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí gíráàfù tí wọ́n ní kó o ṣàlàyé lo kọ sílẹ̀ láìfo ọ̀kan, pé ọ̀rọ̀ tó o kọ lé ní 230, o wá ń béèrè pé kí ló tún kù tó yẹ kó o kọ. Kò sí nọ́ńbà kan tó kù o. Ohun tó o kọ ló pọ̀ jù, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá ni kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣe mí rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe IELTS. NMC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè 7 nínú Reading, Listening àti Speaking, ṣùgbọ́n 6.5 ni wọ́n ń gbà nínú Writing. 7 ni òun náà tẹ́lẹ̀, ìparí ọdún 2018 ni wọ́n já a wálẹ̀. Èèyàn á rò pé ìdajì máàkì yẹn á mú kó rọrùn. Èmi gba 5.5 lákọ̀ọ́kọ́, mo gba 6 lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́ sí i, Writing nìkan ló dì mí mú. Owó ìdánwò yẹn, mi ò fẹ́ rántí rẹ̀ rárá.

Ìgbà àkọ́kọ́, Ìbàdàn ni mo ti ṣe é. Listening, Reading, Writing, wọ́n tẹ̀ léra wọn ni, kò sí pé o jáde lọ mu omi. Ìgbà tó máa fi kan Writing, orí mi ti gbóná. Mo ṣí ìwé, páì ṣáàtì méjì ni, roboto bí àwo ìṣasùn. Inú mi dùn! Mo ní ṣebí ojoojúmọ́ lèmi ń ka ìwé tí a ń kọ ìgbóná ara aláìsàn sí, kí ló wà nínú èyí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tóbi jù, mo kọ ìdá rẹ̀, mo bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, mo kọ tirẹ̀ náà, mo yí àwo àkọ́kọ́ po tán, mo gba orí ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí: mo ní torí ìjọba ò ṣe dáadáa ni, mo ní ọ̀wọ́n gógó ọjà ló fà á. Ta ló bi mí? Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ti lọ. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú Writing: Task 1 ni gíráàfù, Task 2 ni àròkọ. Ìṣẹ́jú ogún ni wọ́n ní kéèyàn lò sí ìkíní, ogójì sí ìkejì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rán ẹ létí pé ó ti tó àkókò láti kúrò nídìí ìkíní. Ìkejì yìí gan-an ló sì ní máàkì tó tó ìlọ́po méjì ti ìkíní. Mi ò kọ ọ́ parí.

Ìgbà kejì, mo lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní IELTS. Wọ́n fún wa ní àkọsílẹ̀ kan tí a máa há sórí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ irú ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n: “As is crystal clear from the graph...” Mo há a bí ẹni há Sáàmù kẹtàlélógún. Mo há “increased dramatically”, mo há “plummeted”. Mo dé inú ìdánwò, wọ́n gbé àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun kan jáde ní ilé iṣẹ́ síwájú mi. Kò sí ohun tó ń lọ sókè, kò sí ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi “plummeted” ṣe?

Màmá mi ló là mí lójú, kò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Èlùbọ́ àti gàrí ló ń tà ní Ọjà Jagun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó ń jọ èlùbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdánrawò mi. Gíráàfù onílà mẹ́ta ni, nípa ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ìlú kan ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó bi mí pé kí ni mò ń wò báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí Yorùbá fún un: “Lọ́dún 1980, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọ mọ́tò. Lọ́dún 1985, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1990...”

Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀. Èlùbọ́ ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Ó ní, “Dúró ná. Ṣé owó lò ń kà fún mi ni? Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?”

Mo wo gíráàfù náà. Ó bi mí ní ìbéèrè, mi ò rí ìdáhùn. Nǹkan tí mo ti ń wò láti bí ìdajì wákàtí! Mo tún wò ó dáadáa, mo ní, “Àwọn tó ń wọ mọ́tò ti ara wọn pọ̀ sí i, àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì dín kù, àwọn tó ń wọ rélùwéè ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn onímọ́tò ló wá pọ̀ jù níkẹyìn.”

Ó ní, “Ẹn-ẹ́n. Ìyẹn lò bá ti kọ́kọ́ sọ.” Ó padà sídìí ajọ̀ rẹ̀.

Àbúrò, gbólóhùn tí mo sọ fún màmá mi yẹn ni wọ́n ń pè ní overview. Òun ni kò sí nínú tìrẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà máàkì Task 1, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì dọ́gba: bóyá o dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe so kọ́ra, ọ̀rọ̀ tó o mọ̀ ọ́n lò, àti gírámà. Àwọn tó ni ìdánwò náà gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń máàkì síta fún gbogbo ayé, lọ wá a kà. Nídìí 5, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni náà kàn ń to nǹkan sílẹ̀ ṣáá. Nídìí 7, wọ́n ní overview rẹ̀ hàn kedere. Ìgbà tí mo ka ìyẹn, ó dà bíi pé wọ́n wà lọ́dẹ̀dẹ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ ká fi ọjà màmá mi ṣe é. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo hùmọ̀ wọn, má lọ sọ fún wọn lọ́jà. Ká ní ní oṣù kìíní, ó ta àpò èlùbọ́ 40 àti àpò gàrí 12. Oṣù kẹta, èlùbọ́ 31, gàrí 22. Oṣù kẹrin, 26 àti 27. Oṣù kẹfà, èlùbọ́ 15, gàrí 38. Ya ìlà méjì yẹn sórí ìwé kó o wò ó. Má fọwọ́ kan bírò fún ìṣẹ́jú méjì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀kan ń wálẹ̀, èkejì ń gòkè, wọ́n pàdé ní nǹkan bí oṣù kẹrin, wọ́n wá gba ipò ara wọn. Ó tán. Lédè gẹ̀ẹ́sì: “Overall, sales of yam flour fell steadily while those of garri rose, so that by June the two had changed places.” Wò ó, kò sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀. Mo máa ń fi tèmi sí ìpínrọ̀ kejì, lẹ́yìn gbólóhùn tó sọ ohun tí gíráàfù náà dá lé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn náà, má da ìbéèrè wọn kọ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ tó o bá dà kọ kò ní bá ẹ kà á mọ́ tìrẹ.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà tó dé, nọ́ńbà tó o ṣà ni, kì í ṣe gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n parí sí, ibi tí wọ́n ti kọjá ara wọn. Oṣù kejì àti oṣù karùn-ún, bí ohun àrà kan ò bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, a ò fẹ́ kí wọ́n rò pé a ò rí i.

Ibì kan ṣoṣo ni màmá mi àti ẹni tó ń máàkì ti yapa. Màmá mi á bi mí pé kí ló fà á tí èlùbọ́ ò fi tà mọ́, á tiẹ̀ fi tirẹ̀ kún un pé àwọn ará Sábó ló ń já owó ọjà. Ẹni tó ń máàkì ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ohun tí kò bá sí lórí àwòrán, má kọ ọ́. Èrò tìrẹ, gbé e dé Task 2, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a.

Wàyí o, ohun tí n kò rí kí olùkọ́ kankan sọ fún mi ni bí Yorùbá tó wà nínú wa ṣe máa ń yọjú. Òmíràn ń ràn wá lọ́wọ́, òmíràn ń kó bá wa. Èyí tó ń ràn wá lọ́wọ́: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da “rose to” àti “rose by” pọ̀, èmi náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó máa da “ó gòkè dé 38” àti “ó fi 26 lé sí i” pọ̀. Gàrí màmá mi gòkè dé 38, ìyẹn “to”. Ó fi 26 lé sí 12 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn “by”. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ọkàn mi kí n tó kọ ọ́, mi ò ṣi í kọ mọ́. Ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún náà, ṣọ́ ọ: ohun tó kúrò ní 20% tó dé 30%, má kọ ọ́ pé ó fi 10% lé sí i. “Percentage points” mẹ́wàá ló fi lé sí i. Tó bá jẹ́ 10% ogún ni, 22% péré ló máa dé.

Èyí tó ń kó bá wa wá ni “wọ́n”. Bi ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́, á ní: wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́, á sùn mọ́jú nínú omi, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́. “Wọ́n” yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n, kò sì da ẹnì kankan láàmú. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé e wọ gẹ̀ẹ́sì báyẹn, “They peel the yam, they boil it”, ẹni tó ń kà á á máa wá àwọn “they” kiri. Bí mo ṣe kọ tèmi nígbà kejì nìyẹn, “they” mẹ́rìnlá, mo kà á lọ́kàn nígbà tí mo dé ilé. Iṣu ni kó o fi ṣáájú: “The yams are peeled, parboiled and left to soak overnight before being dried in the sun.” Fi èyí dánra wò pẹ̀lú ohunkóhun tó o bá rí nílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ irú. Ọ̀sẹ̀ méjì, wàá ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà torí pé ọdún ti kọjá. “Ó gòkè” náà ni lánàá, òun náà ni lónìí. Nítorí náà kọ́kọ́ wo ọdún tó wà nísàlẹ̀ gíráàfù. Tó bá ti kọjá, “rose”. Tó bá jẹ́ ọdún tí kò tíì dé, “is projected to rise”. “S” tó ń fi hàn pé nǹkan pọ̀ náà, ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn, òun nìkan ni mo fi ń wá.

Àwòrán ìlú láyé àtijọ́ àti lóde òní, àtẹ, báà ṣáàtì, ìbéèrè kan náà ni: kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i, tàbí èwo ló ju èwo lọ. Ọ̀rọ̀ 150 ni kò gbọdọ̀ dín sí. Èmi ń dúró ní 170 sí 180. Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lo ti ṣe é, iye ọ̀rọ̀ á máa hàn sí ẹ, o ò ní máa fi ìka kà á bíi tèmi.

Má tíì lọ sanwó ìdánwò mìíràn. Ya gíráàfù èlùbọ́ àti gàrí tí mo fún ẹ yẹn, tún wá mẹ́rin mìíràn, kí o kọ overview wọn nìkan, gbólóhùn kan tàbí méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí nọ́ńbà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà títí di Ọjọ́bọ̀. Tó o bá kọ ọ́ síbí, mo máa kà á tí mo bá jí.